Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wá ohun tó ń jẹ iná nínú ilé

Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni ẹjọ́ iná máa ń pọ̀ jù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ooru á mú, éèsì á ṣiṣẹ́ mọ́jú, iná tí wọ́n rà lọ́jọ́ Ajé kò ní dé ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á ní mítà ń sáré. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, òrùlé ló ń jẹ owó náà, àwọn onílé kò sì mọ̀ torí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wò ó kò dára.

Àṣìṣe tó burú jù ni fífi náírà ka iná. “₦10,000 ni mo rà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè tọ́ka sí ohunkóhun. VAT 7.5% ti kúrò nínú owó náà kí yúnìtì tó wọlé. Bí gbèsè àtijọ́ bá wà lórí mítà, wọ́n lè yọ nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta yúnìtì pàápàá ń yí padà. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé yúnìtì kan sí ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ó kéré tán. Ẹni tó wà ní Mọlípá ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣágámù lè ra iye kan náà lọ́jọ́ kan náà kí yúnìtì wọn má sì dọ́gba. Yúnìtì ni kí ẹ máa kọ. Ẹ kọ èyí tó kù ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ tún kọ ọ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè mọ èyí tí ọ̀sán jẹ yàtọ̀ sí ti òru. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n fi mú iná lọ mọ́ ọn, torí ọjọ́ tí iná kò sí kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣọ́ iná lò.

Àwọn kan á wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 24. Fìríìjì tí wọ́n kọ 150 wáàtì sí lára kì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Ó ń sinmi, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Ti éèsì tún dojú rú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 12,000 BTU tí ẹ rí lára rẹ̀ jẹ́ iye ooru tó lè kó jáde, nǹkan bí 3,500 wáàtì, kì í ṣe iye iná tó ń jẹ. Iná tó ń jẹ kéré sí ìyẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí mítà fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Iná pupa kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń tàn, tó ń kú. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ lè rí 1000 imp/kWh tàbí nọ́ńbà mìíràn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 1000, yúnìtì kan ti lọ nígbà tí iná pupa náà bá tàn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ fi éèsì nìkan sílẹ̀, kí ẹ kà á. Bó bá tàn ní ìgbà 20 láàrin ìṣẹ́jú kan, 1,200 wáàtì ni éèsì ń jẹ. Kíkà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní kété tí ẹ tan éèsì, ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ tún padà kà á lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí yàrá bá wà ní pípadé, tí iná náà sì ń sáré bákan náà láìsinmi rárá, ó ṣeé ṣe kí ooru máa wọlé bí éèsì ṣe ń kó o jáde.

Níbo ló ń gbà wọlé? Ojú fèrèsé ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò. Lúfà ń jò lóòótọ́. Ẹ fi èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn sún mọ́ ọn, kó jìnnà sí kọ́tìnì, ẹ ó rí ibi tó ń fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òkè ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbójú sí. Páànù tí oòrùn ti pa látàárọ̀ ń ta ooru sórí àjà, àjà ń ta á sórí yín. Oòrùn á ti wọ̀, ibùsùn á ṣì máa gbóná, torí pé búlọ́ọ̀kù náà ti fa ooru ọ̀sán mu. Éèsì nínú yàrá tí kò ní àjà dà bí omi tí a ń pọn sínú agbọ̀n. Ẹ ṣe àjà, ẹ fi bébà fóìlì tó ń dán bíi fadákà sábẹ́ páànù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà jáde láàrin àjà àti òrùlé, kí ẹ tó ronú éèsì kejì. Ní ti fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìbòòji láti ìta ló ń ràn án lọ́wọ́ jù. Kọ́tìnì nípọn títí, ooru ti gba inú gíláàsì kọjá kó tó kàn án.

Ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ iwájú orí wò lásìkò Kòrónà wọn bí àjà ṣe gbóná tó. Ara ènìyàn ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún. Bí ẹ bá sì rí èyí tó wà fún ògiri àti òrùlé, ẹ má kọjú rẹ̀ sí páànù tuntun tó ń dán, irọ́ ni yóò pa. Ẹ lẹ téèpù onípéńtì mọ́ ọn, kí ẹ wọn ojú téèpù.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá àti Ojúde Ọba kọ́ ni ẹ ó fi díwọ̀n ilé yín. Àwọn ará Èkó àti ti òkè òkun ti wálé, gbogbo yàrá ti kún. Bákan náà, ẹ má fi oṣù Keje tí òjò ń rọ̀ wé oṣù Kẹta, kí ẹ wá ní àjà tuntun ti ṣiṣẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tó dí gbogbo ihò ilé, tí wọ́n wá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí iná lọ. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pé òjò ń rọ̀ tàbí pé ẹ̀rù olè ń bà yín. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde síta ná, kí ẹ tó ronú ẹni tí yóò pa á.