Bí a ṣe ń ké sí ìjọba Florida nígbà tí a bá rí ẹja imú-ayùn tó kú tàbí tó há

Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, àwọn apẹja àtàwọn tó ń wẹ̀ nínú òkun ní Florida Keys, àwọn erékùṣù tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹja tó ń pòòyì nínú omi. Wọ́n á yí, wọ́n á dojú kọ òkè, wọ́n á tún máa yí. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹja imú-ayùn (sawfish lédè Gẹ̀ẹ́sì), ẹja ńlá tí imú rẹ̀ dà bí ayùn, wọ inú ọ̀ràn náà, ó sì ń kú. Òkú rẹ̀ tí wọ́n kà lọ́dún yẹn lé ní 50. Fún ẹja tó ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àdánù tó ga ni.

Wọ́n yẹ omi wò: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò dín, májèlé omi pupa tó máa ń pa ẹja níbẹ̀ kò sí. Ohun tí àwọn onímọ̀ wá rí tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni Gambierdiscus, ohun abẹ̀mí tíntín tó ń gbé lórí ewéko ìsàlẹ̀ òkun, tó sì ń ṣe májèlé. Àmọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa ti bu omi àti ẹja tí wọ́n máa yẹ̀ wò, ẹnu àwọn ará ìlú ni wọ́n ti gbọ́. Apẹja pè, awakọ̀ ojú omi pè, ẹni tó ń rìn létíkun pè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Florida, tàbí tó bá lọ ṣe ìsinmi níbẹ̀, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀

Ẹja yìí jọ ekurá láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n stingray, ẹja pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀gún olóró nírù, ni ìbátan rẹ̀. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ níwájú, ihò tó fi ń mí sì wà lábẹ́ ara rẹ̀, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Imú rẹ̀ gùn tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gígùn rẹ̀, eyín sì tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n máa ń bí i ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 lé díẹ̀, ó sì lè dàgbà dé ẹsẹ̀ bàtà 16. Ẹ má ṣe rò pé èyí tó kéré kò ní láárí: ọmọ rẹ̀ ló máa ń wà nínú omi tí kò jìn, lábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń dé.

Ní Amẹ́ríkà, ó ti fìgbà kan wà láti Texas títí dé North Carolina. Àwọ̀n ló run ún jù, nítorí imú yẹn kì í já kúrò nínú àwọ̀n bó bá ti lọ́ mọ́ ọn. Ní báyìí, gúúsù ìwọ̀ oòrùn Florida ló kù sí jù. Ó wà ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà rí, àmọ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ná owó CFA ní Kútọnu tàbí Lọ́mẹ́ ti mọ àwòrán rẹ̀ láìfura: ẹja yìí ni wọ́n yà sójú owó ẹyọ, bí àwọn Akan, ẹ̀yà kan ní Gánà àti Côte d'Ivoire, ṣe ń fi idẹ rọ ọ́ láti fi wọn wúrà láyé àtijọ́.

Ẹ dúró jìnnà

Bí ó bá ṣì ń mí, ẹ má ṣe tì í padà sínú omi, ẹ má fà á ní ìrù. Ó lè dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tán, kó ṣàdédé ju imú sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ ẹni tó bá dúró nítòsí á sì gbọgbẹ́. Ẹ lé ajá àtàwọn ọmọdé sẹ́yìn, kí ẹ gbé fóònù.

Bí ó bá ti kú, ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kan imú rẹ̀. Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bò ó, òun sì ni ẹja òkun àkọ́kọ́ tí òfin àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun gbà wọlé lórílẹ̀-èdè náà. Ìpínlẹ̀ Florida ti fòfin de pípa á láti 1992. Gígé imú rẹ̀ lọ sílé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹja náà tilẹ̀ ti kú kí ẹ tó débẹ̀. Ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́: láìsí imú, kò sẹ́ni tó lè wọn ẹja náà dáadáa.

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n á ní "mo rí i lẹ́bàá afárá," afárá sì pọ̀ ní Keys. Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, ẹ tẹ ibi tí ẹ wà kí ẹ má gbé ìka kúrò títí nọ́ńbà ibẹ̀ á fi jáde, kí ẹ da nọ́ńbà náà kọ bó ṣe wà. Bí fóònù kò bá gbé e, ẹ dárúkọ ohun méjì tí kì í ṣípò: òpó iná kan, èbúté kan, orúkọ erékùṣù. Ẹ sọ bóyá omi ń kún ni àbí ó ń fà, nítorí òkú tó léfòó ní aago méje àárọ̀ lè ti rìn jìnnà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ sọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó.

Láti ṣóńṣó imú títí dé ṣóńṣó ìrù ni wọ́n ti ń wọn gígùn rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ojú lásán sọ ọ́ bí ẹ bá lè yẹra fún un, torí ẹja inú omi máa ń tóbi lójú ẹni. Ẹ fi ohun tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìkàn án, àjẹ̀ ọkọ̀ tàbí ọ̀pá ìwọ̀ yín, kí ẹ ya fọ́tò méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ wà, ẹ fi gígùn ọkọ̀ wọn ọ́n.

Fọ́tò mẹ́rin ló dára jù: odindi rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, imú nìkan kí eyín rẹ̀ ṣeé kà, ojú, àti ibi yòówù tí ọgbẹ́, okùn tàbí ìwọ̀ bá wà. Ojú ẹja ń sọ̀rọ̀: bó bá ṣì ń dán, kò tíì pẹ́ tó kú, ẹran ara rẹ̀ á sì wúlò fún àyẹ̀wò májèlé. Bó bá ti wú tó sì ń rùn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì lè wá. Ẹ wo lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n ti so àmì mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà bá wà lára àmì náà, ẹ kà á láìyọ ọ́.

Bí ẹja náà bá wà láàyè tó ń pòòyì, ẹ gba fídíò rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè ṣàpèjúwe ìyípo yẹn tó fídíò.

Ẹ pe nọ́ńbà yìí

1-844-472-9347 ni. Àjọ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko ìgbẹ́ ní Florida, FWC, ló ni ín. Ẹ lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí sawfish@myfwc.com, ṣùgbọ́n fún èyí tó ṣì ń mí, ẹ kọ́kọ́ pè ná. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ní kí ẹ so òkú náà mọ́ nǹkan kí omi má baà gbé e lọ, ẹ ṣe bó ṣe wí. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀. Bí ẹja mìíràn ló ń kú tàbí tó ń pòòyì, 800-636-0511 ni kí ẹ pè.

Bó bá jẹ́ ìwọ̀ yín ló gbé e

Ẹ má bẹ̀rù láti sọ. Ohun tí òfin fẹ́ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tú u sílẹ̀ kíákíá. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ wà nínú omi, ẹ má wọ́ ọ gòkè, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ nítorí fọ́tò. Ẹ gé okùn níbi tó súnmọ́ ìwọ̀ jù tí ẹ lè dé láìfi ara yín wewu. Lẹ́yìn náà, ẹ pè.

Ohun tí ìpè kan ń ṣe

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹnì kan láàárín ìlú pe nọ́ńbà yẹn pé òun rí ọ̀kan tó ń yípo ní Cudjoe Bay. Ẹja náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 11. Àwọn òṣìṣẹ́ FWC àti ti Mote Marine Laboratory, ilé ìwádìí nípa òkun kan ní Florida, lọ gbé e láàyè, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e dé ìlú Sarasota fún ìtọ́jú. Kò yè é. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ rí ẹja tó ń ṣàìsàn yìí wò lójoojúmọ́, irú àǹfààní tí òkú kò lè fún wọn.

Òkú náà ní tirẹ̀. Wọ́n á là á, wọ́n á wo ohun tó jẹ, wọ́n á mú ẹ̀dọ̀ àti ẹran rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Abo ẹja tó kú tòun ti oyún tún ń sọ ìgbà tí wọ́n ń bímọ àti iye ọmọ tó wà níkùn.

Ẹ pè pẹ̀lú bí èyí tí ẹ rí bá ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ tí ara rẹ̀ le. Ìròyìn ẹja alààyè, pàápàá àwọn ọmọ kéékèèké, ló ń fi hàn ibi tí wọ́n ti ń bímọ, kí wọ́n lè mọ etí omi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé igi ẹ̀gbà rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé oṣù tó kọjá lẹ rí i tí ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa sọ fún, fọ́tò tó wà nínú fóònù yín ṣì wúlò bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á.