Ooru òjijì, oríkèé ríro: bẹ́ ẹ ṣe lè máa bá oògùn họ́mọ̀nù yí lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọyàn

Ẹ̀yin màmá àti àǹtí wa tẹ́ ẹ ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, tí dókítà wá ní kẹ́ ẹ máa lo oògùn họ́mọ̀nù bíi tamoxifen tàbí letrozole fún ọdún 5, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, kódà bí ooru bá ń mú yín bí ẹni jókòó ti ààrò.

Ooru yẹn, ẹ wọ aṣọ kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sùn, ẹ gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ dín ata àti ọtí kù (mo mọ̀ pé ti ata yẹn le fún wa). Tí ò bá gbọ́, dókítà ní oògùn tó lè fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé tamoxifen lẹ̀ ń lò, torí fluoxetine àti paroxetine (oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n lè fúnni fún ooru náà) lè dín agbára tamoxifen kù. Àgbo náà, ẹ kọ́kọ́ bi í.

Letrozole ní tiẹ̀, oríkèé ló máa ń dunni, pàápàá láàárọ̀. Ẹ máa rìn, ìrìn ń ran eegun lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ojú ara tó gbẹ ńkọ́? Ẹ má tijú, ẹ béèrè jẹ́ẹ̀lì tí ò ní họ́mọ̀nù.

Ẹ̀yin onítamoxifen, tẹ́sẹ̀ kan bá wú tó ń dùn yín, tí àyà ń dùn yín, téèémí ò délẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ọ̀la.