Kòkó tí mo fọwọ́ ara mi yan, nítorí ọkàn mi

Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa l'Ádó-Èkìtì sọ pé nọ́ńbà òkè ti ń sún mọ́ 140. Ó ní tó bá fi lè dé 140 lórí 90, tí kò sì sọ̀kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn. Ó fi téèpù wọn ìbàdí mi, ó ní ọ̀rá tó kó sí ikùn ló ń ba òun lẹ́rù jù, torí ó ń ni ọkàn lára ju ọ̀rá itan lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dín ohun dídùn kù." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé.

Mo ka ẹ̀yìn agolo tíì tí mo máa ń pò láràárọ̀. Wọ́n kọ ṣúgà ṣáájú kòkó. Ó dùn mí gan-an, nítorí oko kòkó ni bàbá mi fi tọ́ wa, lọ́nà Èmùré-Èkìtì. A bò ó kó lè kan, a sá a, a kó o fún oníṣòwò, a ò mu ife kan rí. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń mójú tó oko báyìí pé kó fún mi ní díẹ̀ nínú èyí tó ti gbẹ, kí n lè ṣe tèmi láìsí ṣúgà.

Ìdí tí mo fi dà á láàmú ni èròjà polyphenol tó wà nínú kòkó, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní flavanol. Ó ń ran awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ nitric oxide, òun ló sì ń mú kí iṣan dẹ̀. Bí iṣan bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rí ọ̀nà gbà, wàhálà ọkàn á dín kù. Lọ́dún 2008, ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà lórí àwọn àgbàlagbà tó sanra. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi mu kòkó: ti àwọn kan ní flavanol 902 mg lójúmọ́, ti àwọn yòókù ò ju 36 mg lọ. Iṣan àwọn tó mu púpọ̀ ń là dáadáa sí i, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn sì wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ò mú wọn jò o. Eré ìdárayá ló dín ọ̀rá ikùn kù fún àwọn tó ń ṣe é.

Mo ṣa kòkó náà, mo kó gbogbo èyí tó ti bu tàbí tí kòkòrò ti lu dànù. Mo gbé ìkòkò irin ka iná, mo dín iná náà kù gidigidi, torí bí iná bá ti ń pọ̀ ni flavanol ń ṣòfò. Mo ń rò ó láìsinmi. Òórùn kíkan àtìgbà tí wọ́n bò ó ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni òórùn dídùn gba gbogbo ilé bí ìgbà tí èèyàn ń yan ẹ̀pà. Nígbà tí èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún pá, pá, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tutù tán, mo bó o, mo fi atẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù.

Orí ọlọ ni iṣẹ́ wà. Kòkó kì í di lẹ́búlẹ́bú níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń lọ̀ ọ́, ńṣe ló ń rọ̀, tó ń dán, tó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ, nítorí pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá. Ẹni tó sanra kò gbọ́dọ̀ gbójú fo ọ̀rá yìí. Láti 1828 ni ìdílé Van Houten, àwọn ará Netherlands, ti ní ẹ̀rọ tó ń fún un jáde. Èmi ò ní ẹ̀rọ, nítorí náà mo máa ń sè é pẹ̀lú omi púpọ̀, mo máa ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá á ti léfòó, á ti dì, mo sì máa ń fi ṣíbí ká a kúrò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jáde, àmọ́ èyí tó jáde tó fi pa ara, ó sì dára lára lásìkò ọyẹ́.

Ohun tó kù ni mo ń gbé kaná, tí mo ń rin atalẹ̀ sí. Kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Ó korò, ṣùgbọ́n ahọ́n máa ń mọ́ ọn lára. Àárọ̀ ni mo ń mu ún, torí ó lè lé oorun lọ lálẹ́. Ẹni tí kò ráyè ọlọ lè ra lẹ́búlẹ́bú kòkó tí kò ní ṣúgà. Kó má ra èyí tí wọ́n fi èròjà álíkálì tó ń pa kíkan sọ di dúdú kirikiri. Flavanol tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

N ò pè é ní oògùn o. Bíbò, sísá àti yíyan ń jẹ lára flavanol, nítorí náà ife kan nílé mi kò tó ife àwọn olùwádìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà kan ní flavanol kòkó 500 mg lójúmọ́ nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2022, èèyàn tó lé ní 21,000 ló kópa. Ikú tí àrùn ọkàn ń fà fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín àwọn tó gba kòkó, àmọ́ àpapọ̀ àìsàn ọkàn kò dín tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má torí kòkó jù ú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sóbò tí mò ń mu lọ́sàn-án: òun náà lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó máa mu ún déédéé.

Nọ́ńbà mi ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní fi gbogbo ọpẹ́ fún kòkó, nítorí mò ń rìn láti Ìjigbò dé Ọjà Ọba nírọ̀lẹ́, òkèlè iyán mi náà sì ti dín. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ya kòkó díẹ̀ sọ́tọ̀ báyìí kó tó tà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń mu tiwọn kí wọ́n tó lọ sóko.