Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Dídá Ẹ̀yà Tiger Beetle Mọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹ̀yà tiger beetle tí ó rí kò gbọdọ̀ fi kíka àmì ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò yìí, tí òun àti yímíyímí jọ wà nínú ọ̀wọ́ Coleoptera, jẹ́ ọdẹ asáré tí ojú rẹ̀ yọ síta, tí eyín ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ bí dòjé. Ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ nínú rẹ̀ ju 2,000 lọ. Cicindela sexguttata, èyí tí ó ń gbé ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ni ó sábà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìtumọ̀ orúkọ tí onímọ̀ kòkòrò Fabricius fún un ní 1775 ni alámì mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ sì ni òmíràn ní ju mẹ́fà lọ, òmíràn ní méjì péré, òmíràn kò sì ní ẹyọ kan, àfi kí ara rẹ̀ kàn máa dán bí ewé tútù. A máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ, ṣùgbọ́n eléyìí kò ro kòkòrò náà.

Àwọ̀ nìkan kò tó pẹ̀lú, nítorí pé Cicindela campestris ti ilẹ̀ Yúróòpù náà ní àwọ̀ ewé àti àmì ràkọ̀ràkọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba fọ́tò tí a kò mọ ibi àti oṣù tí wọ́n yà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ẹ má sì ka kòkòrò kan sí méjì nítorí pé orúkọ rẹ̀ yí padà. Èyí tí onímọ̀ kòkòrò kan tí ń jẹ́ Say pè ní Cicindela dorsalis ní 1817, tí ó ń gbé etíkun Àtìláńtíìkì, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní Habroscelimorpha dorsalis báyìí. Bí ẹ bá rí orúkọ onímọ̀ àti ọdún nínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ kòkòrò, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gbé ẹ̀yà náà kúrò ní ìran (genus) tí onímọ̀ náà kọ́kọ́ fi í sí. Bákan náà, ìwé àtijọ́ tí ó fi gbogbo tiger beetle sábẹ́ Carabidae, ẹbí kòkòrò mìíràn nínú Coleoptera, kò purọ́. Ìwádìí DNA tí ó jáde ní 2020 ló ti Cicindelidae, ìyẹn àwọn tiger beetle, lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹbí tí ó dá dúró.

Àṣìṣe mìíràn ni láti rò pé gbogbo wọn ń fò lọ́sàn-án. Manticora ti gúúsù Áfíríkà dúdú, ó tóbi, kì í fò, alẹ́ ni ó sì sábà máa ń jáde, èyí tí ó lè mú kí ènìyàn kà á mọ́ àwọn Carabidae. Orí rẹ̀ ni kí ẹ wò: iwájú orí, lókè ibi tí eyín ẹnu ti yọ, ni ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ti hù, nígbà tí ti àwọn Carabidae ń hù ní ẹ̀gbẹ́, láàárín ojú àti eyín.