Bí a ṣe ń kọ ìkà àtijọ́ sínú ìtàn àròsọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ irú ìtàn yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ogun: ilé jó, ìbọn dún, ẹkún gbòde. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun kan tí ọwọ́ lè bà. Nígbà tí ogun kó ìlú Òṣoògùn ní 1821, wọ́n mú ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Òun ni ayé padà mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ní ẹṣin ni wọ́n fi òun pààrọ̀. Nígbà tó ṣe, ẹṣin ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n dá a padà, wọ́n gba ọmọ padà.

Ẹ dúró síbí yìí dáadáa. Kò sí "ìkà", kò sí "ọ̀dájú" nínú ọ̀rọ̀ yẹn, síbẹ̀ ó ń ta ni lára. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò inú ìtàn tiyín la ẹnu ẹṣin, kó wo eyín rẹ̀, kó yíjú sí ọmọ, kó la ẹnu ọmọ náà wò. Kó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dápàárá bó ṣe ń wò ó, kó bèèrè bóyá ìyàwó ọ̀rẹ́ ti bímọ. Ìkà tó ń ranjú kiri bí iwin ò ba èmi lẹ́rù mọ́. Ẹni tó ń kí ni kú ọjà ló ń bà mí lẹ́rù.

Ti àkókò ló kàn. Ọmọ tí wọ́n fi okùn so lọ́rùn ò mọ 1821. Ibi tí okùn ti ń ha á ló mọ̀. Àgbàlagbà tó ń rántí ló ni ọdún, kò sì dá òun náà lójú: ohun tí Crowther kọ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ 1821 ni, bí òun ṣe rò ó. Ẹ fi irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. "Mo" méjì ló wà nínú ìtàn, èyí tó ń rìn àti èyí tó ń rántí. Kí èyí tó ń rìn má mọ ohun tó wà níwájú. Èmi náà ti dà wọ́n pọ̀ rí, ogójì ojú ìwé ni mo fà ya.

Ibi ìpàdé ni àwa òǹkọ̀wé ti sábà máa ń bà á jẹ́, torí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rojọ́ tán. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, Crowther tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè fọhùn; omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Nígbà tí ìyá máa lanu, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pe ọmọ náà ló ń pè. Ẹ kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé kálàmù kúrò.