Bí Ẹ Ṣe Máa Gbé Ní Fínláńdì Kí Ojú Ọjọ́ Ibẹ̀ Má Ni Yín Lára

Ọ̀rinrin ló ń fìyà jẹ èèyàn ní Fínláńdì ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ tó sì wọṣọ bó ṣe yẹ lè dúró de bọ́ọ̀sì ní dígírì 15 sísàlẹ̀ òdo, kó má gbọ̀n. Ẹni tí òógùn ti mú kí ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ rin gbingbin á máa gbọ̀n rìrì kódà bí omi ò bá tíì dì níta. Nítorí náà, aṣọ tó kan ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó sí, kẹ́ ẹ tó ronú kan kóòtù. Ẹ má lo òwú: ó máa ń mu òógùn sára, omi yẹn á sì máa fa ooru ara yín jáde. Ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò abẹ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló dára. Ẹ wọ síwẹ́tà lé e, kẹ́ ẹ wá fi jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti omi ò lè wọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jáde, ó yẹ kí òtútù mú yín díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ara yín bá ti ń gbóná lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ ti wọṣọ jù, ẹ ó sì làágùn kẹ́ ẹ tó débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Bàtà òtútù gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà kan tóbi ju èyí tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìka ẹsẹ̀ lè ráyè mì. Ìbọ̀sẹ̀ nínípọn kan sàn ju méjì tó fún ẹsẹ̀ pinpin, torí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti ráyè ṣàn ni òtútù ti ń ṣèèyàn léṣe. Lára ẹni dúdú, ibi tí òtútù bá ti fẹ́ ba ara jẹ́, pàápàá imú, etí àti ìka, á rí bí eérú, á le, kò sì ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tó móoru bò ó. Ẹ má fi yìnyín ra á, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, torí awọ tó ti kú tipiri kì í mọ̀ pé òun ń jóná. Bí ibẹ̀ bá lé ròrò, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Òrí kì í dènà èyí. Iṣẹ́ tirẹ̀ wà nínú ilé, níbi tí hítà ti ń gbẹ afẹ́fẹ́: ẹ fi pa ara kété tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, nígbà tí awọ ṣì tutù. Tí ilé bá gbóná jù, ẹ ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ sì tì í padà. Ẹni tó ṣí i díẹ̀ mọ́jú kàn ń mú kí ògiri tutù lásán ni.

Lápá ìparí oṣù Kejìlá, ojúmọ́ ní Helsinki kì í tó wákàtí mẹ́fà. Ní Utsjoki lápá àríwá, oòrùn kì í yọ rárá fún bí oṣù méjì. Òfin ní kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lókùnkùn lo heijastin, nǹkan pẹlẹbẹ tó ń dán tí iná mọ́tò bá bọ́ sí i lára. Ẹ so ó rọ̀ débi orúnkún lọ́tùn-ún àti lósì, torí ìsàlẹ̀ ni iná mọ́tò ń tàn sí. Èyí tẹ́ ẹ bá so mọ́ èjìká kò ní tètè hàn. Tó bá ti ha, ẹ ra òmíràn.

Láti oṣù Kẹwàá sí Kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti jẹ́ kí awọ ṣe fítámì D, awọ dúdú sì nílò oòrùn tó pọ̀ ju ti funfun lọ. Máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ ni wọ́n dámọ̀ràn fún àgbàlagbà tí kì í mu mílíìkì tí wọ́n fi fítámì náà sí, tí kì í sì í jẹ ẹja déédéé.

Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, òwúrọ̀ léwu ju ọ̀sán lọ, torí omi tó ṣàn lọ́sàn-án á ti dì lóru. Ẹ fi rọ́bà oníṣòó há bàtà, kẹ́ ẹ máa gbẹ́sẹ̀ kúkúrú. Ẹ má gba abẹ́ òrùlé tí yìnyín ń rọ̀ sí, ẹ má sì tẹ orí adágún mọ́ bó ti wù kó nípọn lójú yín.

Nígbà ooru, ojúmọ́ Helsinki ń sún mọ́ wákàtí 19. Ẹ fi kọ́tìnì dúdú sí yàrá àwọn ọmọ. Ilé tí wọ́n kọ́ láti mú ooru dúró kì í jẹ́ kó jáde, nítorí náà ẹ ta kọ́tìnì lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé lóru.

Ewu ìgbà yìí ni eégbọn inú koríko. Lálẹ́, ẹ wo abíyá, ìtan, ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí irun. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti wọnú awọ, kẹ́ ẹ fà á jáde pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi òróró pa á. Bí àmì róbótó kan bá ń fẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan sí i, ì báà jẹ́ pupa tàbí èyí tó ṣókùnkùn ju ara yín lọ, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ bá, torí ó lè jẹ́ àmì àìsàn Lyme tí eégbọn ń kó ranni, òògùn apakòkòrò ló sì ń wò ó. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àìsàn mìíràn tí eégbọn ń kó ràn èèyàn, èyí tó ń mú kí ọpọlọ wú, pàápàá ní erékùṣù Åland. Méjì ni wọ́n ń gbà kí ààbò tó dé, ó sì máa ń tó oṣù kan láàárín wọn, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ kí yìnyín tó yọ́.