Tẹ́ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà, tẹ́ẹ sì jókòó s'Íbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kọ ìtàn àròsọ, tẹ́ẹ bá fẹ́ gbé ìtàn yín dé Ṣáínà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kẹ́ẹ pa "Ṣáínà" tì ná. Ẹ mú ìlú kan, ẹ mú àdúgbò kan nínú ìlú yẹn, ẹ wá mú ọdún kan. Harbin wà lókè lápá àríwá, nígbà òtútù ó máa ń tutù ju dígírì 20 lọ sísàlẹ̀ òdo, Guangzhou wà nísàlẹ̀ lápá gúúsù, ooru àti òjò ni wọ́n ń bá yí níbẹ̀, ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti ṣe bí ẹni tó ní ọ̀kan náà ni Sókótó àti Ìbàdàn.

Guangzhou lèmi máa ń lò torí ibẹ̀ làwọn oníṣòwò wa mọ̀ jù, pàápàá àdúgbò Xiaobei àti Sanyuanli. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, Ìyá Ṣadé, tó fẹ́ lọ rajà. Ọdún wo ló lọ? Ibí gan-an niṣẹ́ wà. Tó bá jẹ́ 2003, kò lè wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ ní Xiaobei, torí ìparí 2009 ni wọ́n ṣí ìlà tó gba ibẹ̀ kọjá. Kò lè balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú tó wà níbẹ̀ lónìí, 2004 ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Kò lè fi WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn níbẹ̀, bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ torí 2011 ló jáde, owó pupa 100 yuan tó ní àwòrán Mao ló máa jókòó kà lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Tó bá wá jẹ́ 2019, fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sanwó, WhatsApp àti Google ò sì ní ṣí fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ láìsí VPN, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń yẹ ìdènà ìjọba sílẹ̀. Tó bá jẹ́ April 2020 lẹ mú, ẹ mọ̀ pé ìgbà kòrónà nìyẹn, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kúrò nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, àwọn kan sun títì, ìjọba wa náà sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ ò lè kọ oṣù yẹn bí ẹni ń kọ ìrìn ọjà lásán.

Ẹ rántí aago náà o, wákàtí 7 ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Tí ọkọ ẹ̀ bá pè é ní aago méje alẹ́ lẹ́yìn tó ti Dùgbẹ̀ dé, aago méjì òru ni lọ́dọ̀ tiẹ̀, ìyẹn nìkan tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn tó ti lọ. Ẹ má bi wọ́n pé báwo ni Ṣáínà ṣe rí, "ìlú ńlá ni" lẹ máa gbọ́, ó parí. Ẹ bi wọ́n pé kí lẹ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibo lẹ tọ́jú owó sí, ta ló bá yín kọ àdírẹ́ẹ̀sì fún onítakisí. Wọ́n á sọ fún yín nípa kàlíkúlétọ̀. Ẹni tó ń tà ò gbọ́ Yorùbá, ẹni tó ń rà ò gbọ́ Mandarin, èdè ìjọba Ṣáínà, òyìnbó tí wọ́n jọ gbọ́ ò ju gbólóhùn méjì-mẹ́ta lọ, lẹni tó ń tà bá tẹ iye tó fẹ́, ó yí i sí Ìyá Ṣadé, Ìyá Ṣadé pa á rẹ́, ó tẹ tiẹ̀, ó tì í padà, ìyẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó mirí, ó tún pa á rẹ́. Ẹ kọ ìka wọn. Ẹ kọ bọ́tìnì tí nọ́ńbà orí ẹ̀ ti ṣí kúrò. Ẹ jẹ́ ká rí Ìyá Ṣadé tó gbé báàgì kọ́ apá bí ẹni ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Èyí ni mo gbà gbọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí: ojú ẹni tó ń rìn nínú ìtàn ló máa sọ ohun tẹ́ẹ máa wádìí, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ohun tóun rí nìkan ni kẹ́ẹ kọ. Láàárín February sí April, afẹ́fẹ́ olóoru tómi kún inú ẹ̀ máa ń dé bá ilé tí òtútù ti mú, huinantian ni wọ́n ń pè é, ògiri á máa làágùn, ilẹ̀ á máa yọ̀, aṣọ ò ní gbẹ. Ìyá Ṣadé ò mọ̀ pé ó lórúkọ. Òun kàn ń dìde lóru ni, ó ń fọwọ́ kan ọ̀rá tí wọ́n fi wé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, bóyá ó ti rin. Bákan náà ni wọ́n ń fi tíì gbígbóná ṣan abọ́ kí wọ́n tó jẹun láàárọ̀, tí wọ́n bá bu tíì fún ẹnì kan á fi ìka kan tábìlì láti dúpẹ́, ẹ jẹ́ kó rí i, ẹ má ṣàlàyé.

Ohun tó ń dùn mí ni báwọn kan ṣe ń kọ ará Ṣáínà, àfi kó máa ta kung fu tàbí kó máa rẹ́ni jẹ, kò lórúkọ, kò ní ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un nílùú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà ní Guangzhou kì í ṣọmọ ibẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ míì bíi Hunan, Hubei, Sichuan ni wọ́n ti wá, Cantonese táwọn onílẹ̀ ń sọ lè má yé wọn. Wọ́n ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdílé kan, hukou, láti 1958 ló ti ń de èèyàn mọ́ ìlú ẹ̀, kò rọrùn kọ́mọ ẹni tó wá ṣiṣẹ́ wọ iléèwé ìjọba níbòmíì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà lábúlé tí wọ́n á máa rí i nígbà ọdún tuntun wọn. Ìyá Ṣadé náà fi Ṣadé sọ́dọ̀ màmá ẹ̀ l'Ọ́jẹ̀ẹ́. Wọn ò nílò kí wọ́n jọ sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan rí fọ́tò ọmọ èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlíkúlétọ̀ yẹn. Ní Ṣáínà, orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú, ìyàwó kì í jẹ́ orúkọ ọkọ, ọmọdé kì í sì dá orúkọ àgbà pè lásán, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n á fi kún un. Tó bá jẹ́ ìgboro ni wọ́n bí i sí ní 1988, ẹ rọra kẹ́ẹ tó fún un ní àbúrò mẹ́ta, òfin ọmọ kan wà nílẹ̀ láti nǹkan bí 1980 títí di ìparí 2015.

Fún títì àti ilé, Google Maps ò lè ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì àti ìlà títì kì í bára mu ní Ṣáínà. Baidu Maps ló dáa, ó ní àwòrán ojú títì, ẹ tún wá fídíò àwọn tó ń rìn lọ láìsọ̀rọ̀, ẹ wò ó láìsí ohùn, ẹ wá pajú dé kẹ́ẹ gbọ́ ohùn nìkan.

Tẹ́ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ wá ará Ṣáínà kan tó máa gbọ́ ọ, ẹ sanwó fún un torí iṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, ẹ jókòó túmọ̀ gbogbo ibi táwọn èèyàn ẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹ má bi í bóyá ó dáa, ó máa ní ó dáa ni. Ẹ ní kó fàlà sábẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni nílùú wọn ò ti ní sọ̀rọ̀ báyẹn, tàbí tí oúnjẹ, owó, aṣọ ò ti bá ọdún yẹn mu, tó bá sì ti fàlà, ẹ má bá a jiyàn, ẹ tún un kọ.